Ìdánwò ìrántí: èwo ni ẹ ó fi mọ̀ bóyá ẹni tó jókòó síwájú yín sa gbogbo ipá rẹ̀?

Ẹni tí zémidjan (ọ̀kadà) gbé ṣubú lójú títì Porto-Novo ní Benin, tó fi orí gbá ilẹ̀, tó sì ń sọ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ pé òun kì í rántí nǹkan kan mọ́, yóò kan ìdánwò ìrántí lọ́jọ́ kan, pàápàá bí ọ̀rọ̀ owó àṣúráńsì bá ti wọ̀ ọ́. Máàkì rẹ̀ lè kéré nítorí pé ọpọlọ rẹ̀ farapa lóòótọ́. Ó lè kéré nítorí pé kò sùn lóru, tàbí nítorí pé Faransé tí wọ́n fi ń bi í kò yé e. Ó sì lè kéré nítorí pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣì í. Máàkì nìkan kò lè sọ èyí tó jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ìdánwò ìsapá kún un: ìdánwò kékeré tó le lójú, àmọ́ tó rọrùn débi pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ bàjẹ́ gan-an pàápàá sábà máa ń yege nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kùnà ibẹ̀, a ní láti bi ara wa léèrè ohun tó fà á.

Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ pọ̀, Amẹ́ríkà, Kánádà àti Yúróòpù ni wọ́n sì ti ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, fún àwọn tó lọ ilé ìwé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni ní Porto-Novo, Kétu tàbí Ṣábẹ tó béèrè èwo ló lókìkí jù, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun méjì lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yẹ̀ wò: ọdún mélòó ló lò ní ilé ìwé, èdè wo ló sì fi ń ka owó lọ́jà? Ìdáhùn méjèèjì yìí ni yóò yọ ìdajì àwọn ìdánwò tó wà nísàlẹ̀ yìí kúrò.

| Ìdánwò | Ohun èlò | Àkókò | Ṣé ó fẹ́ ìwé kíkà? | Ààlà tí wọ́n sábà ń lò |
|---|---|---|---|---|
| TOMM (Test of Memory Malingering) | ìwé àwòrán tí a rà | bí ìṣẹ́jú 15, láìka ìdúró | rárá | kò tó 45 nínú 50 ní ìpele kejì |
| Owó ẹyọ nínú ọwọ́ | owó ẹyọ kan, bébà, báírò | bí ìṣẹ́jú 5 | rárá | kò sí ààlà kan ṣoṣo; ẹ ka àlàyé nísàlẹ̀ |
| Rey 15 | bébà kan | bí ìṣẹ́jú 5 | bẹ́ẹ̀ ni | kò tó 9. Bí a bá fi ìdámọ̀ kún un, kò tó 20 |
| Àtúnsọ nọ́ńbà | kò sí | bí ìṣẹ́jú 5 | rárá, àmọ́ ilé ìwé ń ràn án lọ́wọ́ | 7 sísàlẹ̀. 6 bí ẹ bá fẹ́ ṣọ́ra |
| Kíka àmì tó-tò-tó | káàdì 12, aago | bí ìṣẹ́jú 10 | ó fẹ́ kíkà nọ́ńbà | bíi 17 sókè |
| WMT (Word Memory Test) | kọ̀ǹpútà | ó ní ìdúró ìṣẹ́jú 30 | bẹ́ẹ̀ ni | 82.5 nínú 100 sísàlẹ̀ |

Àwòrán tàbí owó ẹyọ, fún ẹni tí kò lọ ilé ìwé

Ibí yìí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, nítorí pé nínú àwọn àgbà àti àwọn ìyá ọlọ́jà, ọ̀pọ̀ ni kò ka ìwé rárá.

TOMM ni Tom Tombaugh, ará Kánádà, gbé jáde ní 1996. Àwòrán àádọ́ta ni, ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí wọ́n fi ìlà lásán yà. Ẹ ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn án fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ ó ṣí ojú ewé tí àwòrán méjì wà lórí rẹ̀, ọ̀kan tó ti rí àti ọ̀kan tuntun, kó fọwọ́ kan èyí tó ti rí. Ní gbogbo ìgbà tó bá dáhùn, ẹ ó sọ fún un bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́. Àwọn kan ń fo ibi yìí torí pé ó ń gba àkókò. Ẹ má fò ó, torí ìdáhùn yẹn ló ń kọ́ olóòótọ́, tó sì ń gbé máàkì rẹ̀ sókè ní ìpele kejì. Ní ìpele kejì yẹn, ẹ tún fi àádọ́ta náà hàn án, ẹ tún dán an wò. Ìpele kẹta wà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ: lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 15, ẹ dán an wò láìtún fi àwòrán hàn án. Máàkì tí kò bá tó 45 ní ìpele kejì tàbí ìkẹta ni à ń fura sí.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa kò pọ̀, àmọ́ ó wúwo. Ẹni tí kò fi ọwọ́ kan ìwé rí lè wo àwòrán onílà kó rí ìlà lásán. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi àwòrán márùn-ún tàbí mẹ́fà mìíràn hàn án, tí kò sí nínú ìdánwò náà, kó sọ ohun tí wọ́n jẹ́. Bí mẹ́ta bá ṣòro fún un, ẹ gbé TOMM sílẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ àwòrán ìdánwò gan-an sókè, yálà ògbufọ̀ tàbí ẹ̀yin fúnra yín: orúkọ tí a pè máa ń wọ iyè ju ohun tí a kàn wò lọ, ìyẹn sì ti yí ìdánwò padà. Ẹ béèrè dígí ojú rẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe ohun tuntun kí bàbá tó wá láti Kétu gbàgbé dígí rẹ̀ sílé, kí ìjábọ̀ sì sọ pé kò sapá.

Owó ẹyọ nínú ọwọ́ kò ná yín ju ọgọ́rùn-ún fráǹkì lọ, ẹ ó sì tún gbà á padà. Narinder Kapur ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1994. Ṣáájú kí ẹni náà tó wọlé, ẹ kọ ètò ọwọ́ sí bébà: ọ̀tún márùn-ún, òsì márùn-ún, kí ẹ da wọ́n rú. Ẹ na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ẹ jẹ́ kó rí owó náà fún bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì, ẹ di ọwọ́ méjèèjì. Kó di ojú, kó ka láti ẹ̀wá wá sílẹ̀ dé ení. Kó la ojú, kó fọwọ́ kan ọwọ́ tí owó wà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́wàá. Àwọn tí iyè wọn ti ra lóòótọ́, tí wọn kò rántí ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀, sábà máa ń mú gbogbo rẹ̀ tàbí kí ó ku díẹ̀.

Níbi tí àwa Yorùbá ti yàtọ̀ ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì. Àgbàlagbà lè má fẹ́ kan ọwọ́ òsì tí ọmọdé nà sí i, tàbí kó máa tọ́ka sí ọ̀tún ṣáá nítorí ìwà ọmọlúàbí. Bó bá mú ọ̀tún nígbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, márùn-ún ni yóò gbà, á sì dà bí ẹni pé ó ń méfò. Ẹ tọrọ gáfárà ṣáájú: “Bàbá, ẹ má bínú, màá na ọwọ́ òsì náà, ìdánwò ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan èyíkéyìí tí owó bá wà.” Lẹ́yìn náà, ẹ má kọ iye tó gbà nìkan, ẹ kọ ọwọ́ tó mú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè rí irú èyí.

Àṣìṣe kejì wà lọ́wọ́ olùdánwò: ìkúùkù tó mú owó máa ń le ju èkejì lọ, iṣan á yọ. Ẹ di méjèèjì bákan náà. Ẹ̀kẹta ni kíkà sẹ́yìn. Ìyá tó ń tajà ní Ouando lè ṣírò owó kíákíá ju dókítà lọ, síbẹ̀ kí kíkà láti òkè wá sílẹ̀ ṣàjèjì sí i. Ẹ jẹ́ kó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe rárá, kó ka láti ení dé ẹ̀wá, kí ẹ sì kọ ọ́ pé ẹ yí i padà.

Ní ti ìṣirò: ẹni tó ń méfò yóò gba nǹkan bíi márùn-ún nínú mẹ́wàá. Kí ènìyàn máa méfò, kó sì gba 0 tàbí 1, kò ju 11 nínú 1024 lọ, ìyẹn nǹkan bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ó jọ pé ẹni tó gba 1 ti mọ ibi tí owó wà, tó sì yẹra fún un. Àmọ́ 2 sísàlẹ̀ ti ju 5 nínú 100 lọ, nítorí náà ẹ má fi 2 dájọ́. Láàárín 2 àti 8, ìbéèrè nìkan ni ìdánwò yìí bí, ìdánwò mìíràn ni yóò dáhùn rẹ̀.

Nínú méjèèjì, TOMM ni a ó mú bí owó bá wà àti bí àwòrán bá yé ẹni náà, torí ìwádìí tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ gan-an, àádọ́ta ìbéèrè sì lágbára ju mẹ́wàá lọ. Owó ẹyọ ni ti ibùsùn aláìsàn, ti ilé ìwòsàn tí kò ní ìwé àwòrán, àti ti ẹni tí àwòrán kò yé. Àìlera rẹ̀ ni pé àṣírí rẹ̀ rọrùn láti tú. Bí ẹnìkan bá ti sọ ọ́ ní ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí, ó parí. Ẹ má dá a lò. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má ya fọ́tò ojú ewé TOMM sórí WhatsApp, bó ti wù kí ó jẹ́ àárín àwọn oníṣẹ́ nìkan.

Rey 15: kò wọ́n, àmọ́ ta ni ó wà fún?

Ọ̀fẹ́ ni, ó yára, ó sì wà káàkiri. Ohun mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà lórí bébà kan, ìlà márùn-ún, mẹ́ta-mẹ́ta: lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà, àmì Róòmù, àwòrán bí òbìrìkìtì. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ni ẹ ó fi hàn án, kó wá yà á látorí. Ẹ̀tàn rẹ̀ ni pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ pé ó pọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun márùn-ún péré ni: ẹni tó bá rántí A ti rántí B àti C. Àmọ́ fún ẹni tí kò mọ ABC, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní tòótọ́, ó tún ní láti di báírò mú tí kò dì mú rí. Yóò kùnà, kò sì díbọ́n. Ẹ má lò ó fún un, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ ní ká lò ó torí pé kò ná wa lówó.

Fún ẹni tó parí ilé ìwé girama, ó ṣe é lò pẹ̀lú apá ìdámọ̀ (kó mú àwọn ohun tó ti rí láàárín àwọn tí kò rí) tí Kyle Boone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kún un ní 2002. Ẹ ka iye tó yà dáadáa, ẹ fi iye tó dá mọ̀ kún un, ẹ yọ èyí tó fi àṣìṣe mú. Kò tó 20 ni ààlà. Àfikún yìí gbé agbára rẹ̀ láti mú adíbọ́n láti bíi 47 dé 71 nínú 100 nínú ìwádìí wọn, tí kò sì mú ju bíi 8 nínú 100 àwọn olóòótọ́ lọ. Láìsí apá yìí, ó ń jẹ́ kí adíbọ́n tó pọ̀ ju ìdajì lọ kọjá.

Àtúnsọ nọ́ńbà: èdè ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà

Greiffenstein, Baker àti Gola ló gbé ìlànà yìí kalẹ̀ ní 1994. Ẹ pe nọ́ńbà fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kó tún un sọ, lẹ́yìn náà kó sọ ọ́ sẹ́yìn. Gígùn kọ̀ọ̀kan ní ìgbà méjì. Ẹ mú gígùn tó ga jù tó ti yege nígbà méjèèjì ní ìtẹ̀síwájú, ẹ ṣe bákan náà fún ti ẹ̀yìn, ẹ pa wọ́n pọ̀. Ẹni tó ṣe márùn-ún síwájú àti mẹ́ta sẹ́yìn ní 8. Ẹni tó ṣe mẹ́rin àti mẹ́ta ní 7, ó sì ti bọ́ sínú ààlà.

Nọ́ńbà kan péré ló wà láàárín wọn, ẹ wá wo ohun tí èdè lè ṣe sí i. Láti un dé neuf, ìró kan ṣoṣo ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní Faransé. Ení, èjì, ẹ̀ta, ìró méjì-méjì ni. Orúkọ tó gùn máa ń gba àyè jù nínú iyè, kò sì yá láti sọ lábẹ́ ọkàn. Èje àti ẹ̀jọ sì súnmọ́ra ní etí ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ẹni tó kàwé ní Porto-Novo lè sọ Yorùbá tàbí Gun látàárọ̀ dalẹ́, kó sì máa fi Faransé ka nọ́ńbà. Ìyá rẹ̀ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ yan èdè tó fi ń ka owó, ẹ má dà á pọ̀, ẹ má sì lo ààlà 7 fún ẹni tí kò lọ ilé ìwé. 6 sàn, ẹ̀rí àfikún nìkan ni kẹ́ ẹ sì pè é.

Kíka àmì tó-tò-tó kò pẹ́ ṣàlàyé: káàdì 12, àwọn kan tò ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, àwọn kan fọ́n ká. Ó yẹ kí èyí tó tò yára ju èyí tó fọ́n lọ. Ẹ pa ìpíndọ́gba àkókò méjèèjì pọ̀ mọ́ iye àṣìṣe. Ó dára fún àwọn tó ń ka owó lójoojúmọ́. WMT ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì-méjì lórí kọ̀ǹpútà, ogún ìdì. Ó lágbára, àmọ́ àwọn tó ń ka ìwé geere nìkan ló wà fún.

Ṣé a lè ṣe tiwa?

A lè ṣe é, bí a bá mọ ohun tí a lè fi sọ àti ohun tí a kò lè fi sọ. Ẹ ya fọ́tò ohun 48 tí gbogbo ilé ní: àdá, ìkòkò, ahá, korobá, bàtà. Ẹ pín wọn sí ìdì 24, ọ̀kan fún ìfihàn, èkejì fún ẹ̀tàn. Ẹ má fi ohun tó jọra sínú ìdì kan. Níwọ̀n bí a kò ti dán an wò lára ọ̀pọ̀ olóòótọ́ ní Kétu tàbí Ṣábẹ, a kò lè sọ pé 18 tàbí 20 ni ààlà rẹ̀. Àmọ́ ìṣirò ìméfò kò mọ ìlú: ẹni tó ń fi àìmọ̀ mú ọ̀kan nínú méjì yóò gba bíi 12 nínú 24, kó tó gba 7 tàbí kó dín, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta péré nínú ọgọ́rùn-ún. Bákan náà ni 17 sísàlẹ̀ nínú 50 TOMM kò tó ẹ̀ẹ̀mejì nínú ọgọ́rùn-ún. Àbùkù rẹ̀ ni pé adíbọ́n tó gbọ́n kì í bọ́ sísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà tiwa yóò mú díẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ lọ.

Bí ẹni náà bá kùnà

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ba ayé ènìyàn jẹ́. Ká ní ìdánwò kan ń mú 60 nínú 100 adíbọ́n, tó sì ń fi àṣìṣe mú 10 nínú 100 olóòótọ́. Ní ilé ìwòsàn lásán, ká ní adíbọ́n 10 ló wà nínú 100. Yóò mú 6 nínú wọn, yóò sì mú 9 nínú olóòótọ́ 90. Nínú 15 tó kùnà, olóòótọ́ ló pọ̀ jù. Níbi tí owó wà nínú ọ̀rọ̀, ká ní adíbọ́n tó 40 nínú 100: yóò mú 24, pẹ̀lú olóòótọ́ 6. Ìdánwò kan náà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Àwọn oníṣẹ́ ní Amẹ́ríkà tí Mittenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi léèrè ní 2002 fojú díwọ̀n rẹ̀ sí bíi 39 nínú 100 fún ẹjọ́ ìfarapa orí tí kò le, àti 8 nínú 100 fún aláìsàn lásán. A kò gbọ́dọ̀ kó iye yẹn wá sí Benin bí ẹni pé tiwa ni.

Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé ìkùnà kan kò tó. Ẹ lo ìdánwò méjì tí kò jọra, TOMM àti àtúnsọ nọ́ńbà fún àpẹẹrẹ, kí ẹ sì wo bóyá ìtàn náà bá ara mu. Orí tó mì díẹ̀, tí kò mú ẹ̀jẹ̀ dà sínú ọpọlọ, sábà máa ń bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá ní òun ń burú sí i lóṣooṣù, tó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá láti Ṣábẹ, tó wọ ọkọ̀ méjì láìṣìnà, ẹ béèrè bó ṣe ṣe é. Slick, Sherman àti Iverson ti kọ ìlànà sílẹ̀ ní 1999, wọ́n sì tún un ṣe ní 2020: ó gbọ́dọ̀ ní èrè kan tí ẹni náà ń lépa, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà nínú ìdánwò, kò sì gbọ́dọ̀ sí àrùn tàbí ìdí mìíràn tó lè ṣàlàyé rẹ̀.

Ìdí mìíràn yẹn, ẹ wá a kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Iyè tó ti ra gan-an nínú àgbàlagbà tí kò lè dá múra mọ́ lè gbé TOMM wá sísàlẹ̀ 45. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò dàgbà tó ọjọ́ orí rẹ̀ náà lè kùnà. Tramadol àti oògùn oorun ń pa iyè lẹ́nu mọ́. Ebi ń ṣe bẹ́ẹ̀: ẹni tó jí ní aago mẹ́rin ní Kétu láti wá bá yín ní Porto-Novo, ẹ jẹ́ kó jẹun, kó sinmi, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ oṣù ààwẹ̀, ẹ yan òwúrọ̀. Ìbànújẹ́ ọkàn nìkan kì í sábà gbé TOMM wálẹ̀, nítorí náà ẹ má fi í ṣe àlàyé tó rọrùn.

Ní ti ògbufọ̀, kó má jẹ́ mọ̀lẹ́bí, kó má jẹ́ agbẹjọ́rò, kó jókòó sẹ́yìn ẹni náà, kó má lè fojú tọ́ka. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún ẹni náà pé kó sa gbogbo ipá rẹ̀, àti pé a ó máa wo ìsapá rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má sọ ìdánwò tó ń wò ó.

Nínú ìjábọ̀, tó sábà máa ń jẹ́ Faransé, ẹ kọ ọ́ pé èsì ìdánwò ìrántí ti ọjọ́ náà kò ṣe é gbára lé, ẹ kọ ìdánwò méjèèjì, máàkì rẹ̀, èdè tẹ́ ẹ lò, ọdún tó lò ní ilé ìwé, àti ẹni tó ṣe ògbufọ̀. Ẹ má kọ “ó ń purọ́”. Èsì tí kò ṣe é gbára lé kò sọ pé orí rẹ̀ kò farapa. Ó lè farapa, kó sì tún ṣe é ju bó ti rí lọ. Ẹ kọ ìyẹn náà sí i, kí ẹ sì dá ọjọ́ àyẹ̀wò mìíràn. Òfin CIMA (òfin àṣúráńsì tí Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn jọ ń lò) fún ilé iṣẹ́ àṣúráńsì ní oṣù 12 lẹ́yìn ìjàǹbá láti gbé iye owó síwájú ẹni tó farapa, nítorí náà àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ní oṣù kẹjọ ṣì fi àyè sílẹ̀ fún èkejì. Ní oṣù kọkànlá, kò sí àyè mọ́.